Orúkọ Tó Wà Létí Fàdákà

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi máa ń mọ̀ pé òyìnbó kan ń bọ̀ wá sí abúlé wa lọ́jọ́ náà. Bí òórùn yẹn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé bá mi láàárọ̀, mo ti mọ̀ pé bàbá tó ni ilé tí mo ń gbé ti jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti tẹ́ àkísà sórí itan, wọ́n sì ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kíkúnná nu àwọn mẹ́dàlì wọn. Mẹ́ta ni mẹ́dàlì náà. Méjì jẹ́ fàdákà, orí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ sì wà lára wọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìràwọ̀ idẹ tí òṣùpá kékeré wà lókè rẹ̀, tí wọ́n sì kọ Lárúbáwá sí lára. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ra, aṣọ pẹlẹbẹ tó gbé wọn dúró sì ti ṣá débi pé èèyàn ò lè mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Bàbá á nù wọ́n títí wọ́n á fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n á gbé wọn kọ́ àyà agbádá, wọ́n á sì lọ dúró sí ojú ọ̀nà kí mọ́tò òyìnbó tó dé.

Ọdún 1955, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ni mo dé abúlé náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Bàbá mi jẹ́ kátíkíìsì nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìbàdàn, mo ti ka ìwé mẹ́fà jáde, mo sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Lójú ara mi, ó ku díẹ̀ kí ìmọ̀ inú ayé tán sí mi lórí. Mo gbé àpótí kan, fìtílà kan àti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Ìyànà Ọ̀fà, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà láàárín oko kòkó, pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Ìyà jẹ mí lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ kí mi kú ìrìn, wọ́n wo bàtà náà, mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn mi.

Abúlé náà kò ní ilé olùkọ́. Bàbá yìí ló ní kí wọ́n fún mi ní yàrá kan nínú ilé tiwọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ga, wọ́n sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàwó wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí bí mo bá pẹ́ ní ilé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n á ní, "Tíṣà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù, o ṣì ń kun pọ́ńdà." Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi náà á dá a padà pé, "Bàbá, Ààfáà ti pe ìrun o, ẹ ṣì ń wá fìlà." Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, kò sí ìjà, kò sí ìta.

Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lórúkọ mìíràn ju Bàbá Ológun lọ. Ìtàn wọn ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ ogun, wọ́n jagun yí etí òkun ká títí dé Mísírà, ilẹ̀ Íjíbítì, àti pé ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló fi mẹ́dàlì kọ́ wọn láyà. Ààfáà abúlé wa ló ka Lárúbáwá tó wà lára ìràwọ̀ idẹ náà, ó sì jẹ́rìí sí i pé Mísírà ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ta ló tún fẹ́ jiyàn? Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ya ọkọ̀ ogun sára sílétì, wọ́n á sì ya Bàbá sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tó gùn ju ọkọ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ẹ́mpáyà Dè, àjọ̀dún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àga iwájú ni hẹ́dímásítà wa máa ń fi wọ́n sí.

Kódà Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń ti Ìbàdàn wá bẹ̀ wá wò kò bèèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí àwọn mẹ́dàlì náà, ńṣe ló dúró ṣánṣán, tó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, tó kí Bàbá bí ológun ṣe ń kí ológun. Gbogbo abúlé hó yè. Mo wà nítòsí, mo sì rí i pé inú Bàbá kò dùn. Wọ́n tún na àyà síwájú, wọ́n ń wo ẹnu òyìnbó náà bíi pé wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n Ajẹ́lẹ̀ ti kọjá lọ kí àwọn mìíràn. Mo rò pé ìkíni ẹ̀ẹ̀kan ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo kọ lẹ́tà sí àbúrò mi ní Ìbàdàn pé bàbá onílé mi fẹ́ràn òyìnbó jù, àti pé ìyìn kì í sú wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì, òyìnbó kan fẹ́ wá wo kànga abúlé. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ti gbalẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí Bàbá fẹ́ wọ agbádá, wọ́n na àwọn mẹ́dàlì náà sí mi, wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn, mo rí i pé lẹ́tà wà létí fàdákà kan. Kò sí lójú rẹ̀, kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Etí rẹ̀ gan-an, níbi tí kò nípọn ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ, ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́wẹ́. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Orúkọ òyìnbó ni. Orúkọ rẹ̀ méjì, orúkọ bàbá rẹ̀, ipò ọ̀gágun tó wà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo wo fàdákà kejì, orúkọ kan náà ni.

Ọkàn mi já. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé mi lẹ́sẹ̀ kan náà, àbí kí n sọ pé mo rò pé ó yé mi. Nǹkan oníǹkan ni. Bàbá Ológun kò jagun kankan. Bóyá wọ́n rà á, bóyá wọ́n rí i he, bóyá ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí Bàbá fi yọ orí jáde nínú agbádá, tí wọ́n rí i pé ètè mi ń mì.

"Kí lò ń kà?"

"Lẹ́tà díẹ̀ ló wà létí ẹ̀, Bàbá."

Wọ́n gbàgbé agbádá tí apá kan rẹ̀ ṣì há sọ́rùn. Wọ́n sún mọ́ mi. "Lẹ́tà? Níbo? Kí ni wọ́n kọ?"

Ẹ bá mi wò ó. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ṣe? Ṣé kí n la ẹnu, kí n sọ fún àgbàlagbà tó fún mi ní ibi tí mo ń sùn sí pé orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ògo wọn? Ìyá mi ì bá ti Ìbàdàn na ọwọ́ gbá mi létí. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Orúkọ ọbabìnrin ni wọ́n kọ, Bàbá."

"Ọbabìnrin nìkan? Kò sí orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n gba àwọn mẹ́dàlì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ó dáa náà." Mo gbọ́ èémí yẹn dáadáa, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi: ọkàn wọn balẹ̀ pé àṣírí wọn kò tú. Orí mi wú. Mo wo ara mi bí ọmọlúàbí tó ga jùlọ ní gbogbo agbègbè Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní sísọ àti ohun tó yẹ ní bíbò.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tí mo fi bo àṣírí náà, kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi nínú. Bí àwọn ọmọ bá ń kọrin Bàbá Ológun kọjá, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ju gbogbo ayé lọ. Bí Bàbá bá tún na àyà níwájú òyìnbó míràn, àánú wọn á ṣe mí. Mo ti pinnu pé bí mo bá lọ́kọ, ọkọ mi nìkan ni màá sọ ọ́ fún, màá sì kìlọ̀ fún un kó má sọ fẹ́nì kankan.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni ikọ́ mú Bàbá. Àwa rò pé ikọ́ ọyẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ó gbé wọn dùbúlẹ̀. Wọn ò lè lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun wọn. Olóògùn láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìyànà Ọ̀fà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó fún wọn lóògùn, kò sí ìyàtọ̀. Ìyá Àgbà fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń fọ abọ́. "Tíṣà, wọn ò bẹ̀rù ikú o," ni wọ́n wí. "Nǹkan kan ló wà lọ́kàn wọn tí ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á ta jí, wọ́n á máa wá nǹkan lábẹ́ ìrọ̀rí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé ìwé. Mo bá Ààfáà lórí ẹní, Ìyá Àgbà jókòó síbi ẹsẹ̀, àwọn mẹ́dàlì náà sì wà lórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Wọn ò tíì nù wọ́n, wọ́n ti ṣú.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbọ́ mi," Bàbá wí. "Mi ò jagun rí. Alágbàfọ̀ ni mí."

Mo rò pé ìjẹ́wọ́ ẹni tó parọ́ la fẹ́ gbọ́, mo tiẹ̀ tẹ orí ba kí ojú má baà tì wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀, wọ́n sì ń fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó ọkọ̀ ogun tó máa ń dúró létí ọ̀sà. Ọ̀gágun kan wà nínú wọn tó ní irùngbọ̀n pupa. Àwọn alágbàfọ̀ ò mọ orúkọ rẹ̀, Onírùngbọ̀n Pupa ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ni òyìnbó tó máa ń bi alágbàfọ̀ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Lọ́jọ́ kan, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ kan ní ilé gómìnà, ó gbé gbogbo mẹ́dàlì rẹ̀ kọ́ ọ láyà. Ibẹ̀ ni ibà ti mú un. Bó ṣe bọ́ kóòtù náà jù sílẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ká a mọ́ aṣọ ìdọ̀tí yòókù, tó gbé e fún alágbàfọ̀. Bàbá rí mẹ́dàlì lára rẹ̀. Wọ́n ṣe ohun tí alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń ṣe: wọ́n tú u kúrò kó má baà fi àbàwọ́n sára aṣọ, wọ́n dì í mọ́ etí aṣọ ara wọn, kí wọ́n lè dá a padà pẹ̀lú kóòtù tó bá ti mọ́.

Wọ́n fọ kóòtù, wọ́n sá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ ra èédú tí wọ́n máa fi lọ aṣọ. Kí wọ́n tó dé, ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gágun náà ti sáré wá kó gbogbo aṣọ ọ̀gá rẹ̀ lórí okùn, tòun ti omi lára, nítorí ibà náà ti di ńlá, wọ́n sì ń gbé òyìnbó náà sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílùú wọn. Nígbà tí Bàbá fi sáré dé èbúté, èéfín ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí.

"Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì òyìnbó lọ́jọ́ yẹn gan-an," Bàbá wí. "Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní báwo ni alágbàfọ̀ ṣe ní mẹ́dàlì ológun lọ́wọ́. Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ pe ọlọ́pàá. Mi ò dúró. Mo sá, mi ò tún wẹ̀yìn títí mo fi dé abúlé yìí, mi ò sì fọ aṣọ ẹnikẹ́ni gbowó mọ́."

Ikọ́ dá wọn dúró. Ìyá Àgbà fún wọn lómi.

"Àmánà ni," wọ́n tún wí, wọ́n fọwọ́ kan àwọn mẹ́dàlì náà. "Nǹkan tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ ni. Mi ò jí i, mi ò rà á, wọn ò fi ta mí lọ́rẹ. Gbogbo ìgbà tí òyìnbó bá wá síbí, mo máa ń gbé e kọ́yà kí ẹni tó bá mọ oníǹkan lè rí i, kó bi mí pé, níbo lo ti rí i? Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣe ni wọ́n ń kí mi! Ẹ̀yin ará ilé wá sọ mí di ológun. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́, ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo sá." Wọ́n yíjú sí Ààfáà. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè ti kú sínú ọkọ̀ yẹn, kó máa rò pé alágbàfọ̀ òun jalè. Báwo ni màá ṣe gbé àmánà yìí dé iwájú Ọlọ́run? Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ tí Tíṣà rí lẹ́tà létí ẹ̀, mo ní Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Àṣé ọbabìnrin ni."

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo di igi ọsàn mú, mo sunkún. Èémí ọjọ́ yẹn padà wá sí mi létí. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ já ló mí bẹ́ẹ̀, èmi tí mo kàwé sì kà á bí ẹni tí ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú: mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, Bàbá ò ní pẹ́ kú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo rò ó, mo sì rí i pé mo lè ṣe é. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù tí mo fi padà wọlé.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Ààfáà àti Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Háà! Tíṣà!" Ààfáà ṣáà ń mi orí. Bàbá, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa ń gbé wọn dìde, dá jókòó fúnra wọn.

"O parọ́ fún mi?"

"Mo rò pé mò ń bo àṣírí yín ni, Bàbá."

"Àṣírí wo?"

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n wò mí, ó sì yé wọn. "Ọdún mẹ́ta, Tíṣà!" Mi ò rí ìbínú tó tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, mi ò sì tún rí i mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.  Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà ni wọ́n kọjú sí. "Ọmọ yìí rò pé olè ni mí," ni wọ́n wí, "ó sì ń fi mí pamọ́!" Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n rín in, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún rín in. Ààfáà náà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Èmi nìkan ni mo ṣì ń sunkún.

"Gbé e," Bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Kà á."

Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n gbìyànjú láti pè é, ó wọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n tún pè é. Wọ́n gé orúkọ òyìnbó náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jọ ara rẹ̀. "Ọ̀gá mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "orúkọ rẹ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà kí wọ́n lọ po ẹ̀kọ gbígbóná wá. Wọ́n mu ún tán.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù. Hẹ́dímásítà bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, ó sì yọ ọ̀rọ̀ ńláńlá mẹ́ta tí mo ti inú ìwé atúmọ̀ èdè mi fà jáde. Bàbá ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé alágbàfọ̀ náà kò jalè, àti pé ó sá. Mo ní bóyá ká fo ibi tó ti sá. Bàbá kàn wò mí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

A dúró. Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, àwọn èèyàn gbin àgbàdo. Ikọ́ Bàbá fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń sọ kiri pé ọkọ àwọn kọ̀ láti kú nítorí lẹ́tà. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé òyìnbó náà kú sínú ọkọ̀ ńkọ́? Mo ti búra fún ara mi pé màá kà á bó ṣe rí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Àgbàdo ti yọ ọmọ nígbà tí lẹ́tà dé. Kì í ṣe ìjọba ló kọ ọ́, ọmọbìnrin ọ̀gágun náà tí wọ́n fi lẹ́tà wa ránṣẹ́ sí ni, òun náà ti di àgbàlagbà. Mo jókòó níwájú Bàbá lórí ẹní, mo ń kà, mo ń túmọ̀.

"Ó délé?" Bàbá bèèrè.

"Ó délé, Bàbá."

"Kò kú sínú ọkọ̀?"

"Kò kú. Ara rẹ̀ yá. Ó gbéyàwó, ó bímọ, ó gbó, ó tọ́ kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ìwé yìí. Ó ní bàbá òun rò pé òun fúnra òun ni òun ju mẹ́dàlì náà sómi nígbà tí ibà ń dà òun láàmú. Ìjọba fún un ní òmíràn."

"Kò pè mí lólè?"

"Kò pè yín lólè rí, Bàbá. Ó kọ ọ́ síbí pé bí bàbá òun bá ti ń sọ ìtàn Èkó, ó máa ń sọ pé aṣọ òun kò tún funfun tó ìgbà tí alágbàfọ̀ òun ní Èkó ń fọ̀ ọ́."

Bàbá fi etí agbádá bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó ru igi délé, tó sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Obìnrin náà ní kí Bàbá máa mú àwọn mẹ́dàlì náà, òun fi ta wọ́n lọ́rẹ. Inú gbogbo ilé dùn, àfi Bàbá. Wọ́n ní àmánà kì í di ọrẹ lójú tàwọn, ọwọ́ oníǹkan ló gbọ́dọ̀ dé, kó tó di pé àwọn ọmọ wọn jogún ẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n bèèrè aṣọ funfun lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n fi ẹ̀gẹ́ po sítáàṣì, wọ́n yá áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ télọ̀. Gbogbo ilé jáde wá wò wọ́n. Wọ́n wọ́n omi sí aṣọ, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ bó ṣe gbóná tó, wọ́n sì ń tì í lọ, wọ́n ń tì í bọ̀, láìkánjú. Kò sí ìkákò kan lára aṣọ náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n di àwọn mẹ́dàlì náà sí. Àwa méjèèjì la jọ wọ lọ́rì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìbàdàn, Bàbá kò sì kúrò níwájú akọ̀wé títí tó fi lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ tún wá, Bàbá jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àyà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ bèèrè mẹ́dàlì. "Ẹni tó ni ín ti gbà á," ni wọ́n wí, wọ́n sì sọ gbogbo ìtàn náà fún wọn fúnra wọn, títí kan sísá. Àwọn kan nínú abúlé bínú, wọ́n ní Tíṣà ti fi lẹ́tà gba ológun àwọn lọ́wọ́ àwọn. Ìyá Àgbà ní tiwọn kó ìró mẹ́ta wá, wọ́n ní, "Ṣebí alágbàfọ̀ ni yín? Ẹ bá mi lọ ọ́."

Lẹ́tà kejì kò gùn. Obìnrin náà kọ̀wé pé ó tẹ òun lọ́wọ́. Bàbá ní kí n kà á níwájú Ààfáà.

"Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbà á?"

"Ó kọ ọ́, Bàbá."

"Tíṣà, ṣé gbogbo ẹ̀ lo kà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Wọ́n sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n hanrun débi pé Ìyá Àgbà ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i lẹ́yìn òmìnira kí wọ́n tó jáde láyé, oorun ni wọ́n sì gbà lọ. Mo ti lọ́kọ ní Ìbàdàn nígbà náà. Mo lọ kí Ìyá Àgbà, wọ́n sì sọ fún mi pé ọkọ àwọn kò ta jí lójú oorun mọ́ láti ọjọ́ lẹ́tà kejì.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kàwé. Lóṣù tó kọjá, a gba ìwé àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn. Ó ṣí i, ó wo ilẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, Màmá." Mo mọ ojú yẹn. Ojú tèmi ni, ojú ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Mo fà á mọ́ra, mo ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó tún un kà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n sì ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó kà á tán, àwa méjèèjì wo ara wa, ẹ̀rín sì pa wá. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."